Ẹsẹ̀ Igi Tí Ìyá Gbénró Gbẹ́ Fún Mi

Ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán ni mo sọ ìtàn yìí fún àwọn tó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó kọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àṣálẹ́, nítorí náà mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí, àti bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn.

Mo ní: Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ ibí. Kò sí ẹni tó lè lọ sóko nínú òjò yìí, mo sì ti rí i pé ẹsẹ̀ mi ni gbogbo yín ń wò láti ìgbà tí ẹ ti dé. Ẹ wò ó dáadáa. Igi àyán ni, láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ilẹ̀. Ọmọ ìka márùn-ún wà níbẹ̀, èékánná sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ bá gbọ́ tó kan ilẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Èmi Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Akínṣíkù, ti dọdẹ fún ọdún mọ́kànlélógójì ní ìlú Òkè-Ahún yìí. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́sàn-án.

Kọ́.

Ẹfọ̀n méje.

Kọ́.

Ó dára, mẹ́fà. Èyí keje ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ti rí ohun tí mò ń bá gbé. Àwọn ọdẹ yòókù ń sọ ìtàn bó ṣe wù wọ́n, èmi ń sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí n kò ní ọ̀nà mìíràn.

Ògúngbèmí, Olúọ́dẹ wa, tó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní ìfẹ̀yìntì nínú ilé mi, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ, orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ nínú ìtàn náà.

Ní ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo wa tán, mo dẹ tàkúté onírin mẹ́rin sí ọ̀nà tó lọ sí odò Ẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdẹ mọ òfin wa. Bí o bá dẹ tàkúté, o gbọ́dọ̀ so màrìwò tútù mọ́ igi lọ́tùn-ún àti lósì, kó ga tó ojú ènìyàn, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé irin wà nílẹ̀. Èmi kò so màrìwò kankan. Ẹnì kan ti ń yọ ẹran kúrò nínú tàkúté mi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì rò ó pé màrìwò mi ló ń júwe ọ̀nà fún un. Mo ní kí olè náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Mo jẹ ẹ̀kọ méjì kí n tó kúrò nílé. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Ọ̀bọ kan ń pariwo lórí igi, mo gbójú sókè wò ó, mo sì gbé ẹsẹ̀ òsì mi sínú tàkúté kejì.

Ọdẹ kì í ké nínú igbó. Mo ki okùn ìbọn mi bọ ẹnu, mo sì ń jẹ ẹ́ títí ó fi já. Nígbà tí mo fi máa rí irin náà ṣí, òjìji mi ti kúrú débi pé mo jókòó lé e lórí. Mo ju tàkúté náà síbi tó jìn jù nínú odò Ẹ̀rẹ̀, mo sì fi àyà wọ́ lọ sójú ọ̀nà. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo dúró sinmi.

Ojú ọ̀nà ni Ògúngbèmí ti bá mi.

“Ọdẹ́rìnlọ! Kí ló ṣe ọ́?”

Mo wo ojú rẹ̀. Bí mo bá sọ fún ọkùnrin yìí pé tàkúté tí mo dẹ ló mú mi, ibi ìsìnkú mi ló máa sọ ọ́ dé.

“Ẹkùn ni,” mo wí.

“Ẹkùn wo? Bàbá mi dàgbà, ó darúgbó, ó kú, kò rí ẹkùn nínú igbó yìí.”

“Èmi ti rí i.”

Ó gbé mi pọ̀n, ó sì ń sáré. Kí a tó wọ ìlú, ẹkùn náà ti di méjì lẹ́nu àwọn tó ń sáré tẹ̀ lé wa, èmi náà kò tún un ṣe. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí mo padà dé láti ilé ìwòsàn, mo bá àwọn ọdẹ níwájú ilé mi. Olúọ́dẹ àtijọ́ ti kú nínú oṣù yẹn, wọ́n sì ní ọkùnrin tó fi ọwọ́ lásán lé ẹkùn méjì lọ ni oyè náà tọ́ sí. Wọ́n fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lórí ẹní tí mo dùbúlẹ̀ sí.

Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Òun ló fọ ojú egbò náà kí wọ́n tó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

“Bàbá Ṣíjúwadé,” ó wí nígbà tí àwọn ènìyàn lọ tán, “eyín ẹkùn yín gún régé o. Méjìlá lókè, méjìlá nísàlẹ̀. Kí ló dé tí ìpẹtà fi wà lára rẹ̀?”

“Ẹkùn àgbà ni.”

“Ẹ kú ewu ẹkùn onírin,” ó wí. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń kí mi láràárọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, “Àwọn mẹ́ta tó kù nínú igbó ńkọ́?” Mo ní kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀. Bí mo bá rán ènìyàn lọ yọ wọ́n, yóò béèrè ìdí tí kò fi sí màrìwò lórí wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Oyè náà kò tíì dá mi lójú. Lọ́dọọdún, nígbà tí ewé bá gbẹ, gbogbo ọdẹ Òkè-Ahún jọ ń wọ igbó lọ́jọ́ kan náà. Olúọ́dẹ ló ń ṣíwájú. Ẹni tó tẹ̀ lé e ń fi ẹsẹ̀ sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni kẹta sí ojú ẹsẹ̀ tẹni kejì, títí dé ẹ̀yìn, kí ẹran má baà gbọ́ ju ìró ẹnì kan lọ. Olúọ́dẹ tó bá fi ọ̀pá rìn lọ́jọ́ náà ti gbé oyè sílẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta péré ló kù. Ògúngbèmí ń yà kí mi lójoojúmọ́.

“Olúọ́dẹ, ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ẹsẹ̀ ti ń hù?”

Bàbá mi ti sọ fún mi rí pé ibi tí igbó wa parí sí ni Igbó Tiro ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ìlú Àfikún wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ní ẹ̀mí. Mo di ọ̀pá méjì mú, mo sì lọ.

N kò ní í fi ìrìn náà dá yín lágara. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jinná lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bí ìgbà tí ìjọ ń tú jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn kankan. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Ẹsẹ̀ ló ń bọ̀, kò sí ènìyàn lórí wọn. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sán, ẹsẹ̀ ìyàwó tí wọ́n kun làálì sí, ẹsẹ̀ ṣọ́jà tó ṣì wà nínú bàtà. Wọ́n ń jẹ̀ kiri bí àgùntàn. Iwin arúgbó kan tí kò ní ju orí àti ọwọ́ lọ léfòó lẹ́yìn wọn, ó mú ẹgba kékeré lọ́wọ́.

Mo rí tèmi láàárín wọn. Ìtì igi já lu ọmọńdinrín rẹ̀ ní ọdún tí mo fẹ́ ìyàwó, èékánná rẹ̀ kò hù dáadáa mọ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí irú rẹ̀.

“Ẹsẹ̀ mi,” mo wí, “ó tó ọjọ́ mẹ́ta.”

Ó kọ gìgísẹ̀ sí mi.

“Ìwọ lo ni ín?” iwin náà bi mí. “Àwọn mìíràn máa ń sáré lọ bá ẹni tó ni wọ́n. Kí lo ṣe fún tìrẹ?”

“N kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹkùn ló bù ú jẹ.”

Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi yí padà, ó fò sókè, ó sì gbá mi ní ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún. Títí di òní, bí òtútù bá mú, ibẹ̀ máa ń dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ yín kò tíì gbá yín rí.

Iwin náà ní òun ni oníbodè Àfikún, òun ló sì ń da gbogbo ẹsẹ̀ tí àwọn ará ìlú náà sọ nù pọ̀ mọ́ àwọn tó wá láti ibòmíràn. Ó ní kò sí ẹni tó ń wọlé láìdáhùn ìbéèrè òun. “Kí ni ènìyàn ń gbé kiri tí kì í wúwo, àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

Mo ronú títí oòrùn fi kúrò lórí mi. “Ìbọn,” mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi já ẹgba ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Irọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. O kò gbà á. Máa wọlé, ọdẹ. Ẹni tó bá gbà á kì í ní ohun tó ń wá níbí.”

Àfikún! Ẹ ti rí ìlú, ẹ kò tíì rí irú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ara tí wọ́n bí mọ́ ọn hàn níta níbẹ̀, àfi bí yóò bá wẹ̀. Apá idẹ ni wọ́n ní, ìka dígí, orúnkún tó ní òdòdó lára. Dípò “ẹ káàárọ̀,” “ẹ kú ara tuntun” ni wọ́n ń kí ara wọn. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láti òwúrọ̀, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ gbé. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ wá níbẹ̀. Mo gbọ́ ẹkún nínú ilé kejì, mo rò pé òkú ló kú. Wọ́n ní rárá, ìgbéyàwó ló túká: ìdílé ọkọ tú apá aṣọ ìyàwó ká, wọ́n sì rí i pé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ni wọ́n bí mọ́ ọn.

Oko wọn ti di igbó. Ta ni yóò fi ìka dígí di ọkọ́ mú?

“Ẹran ara!” obìnrin kan kígbe nígbà tó rí mi. “Ẹ bo ọwọ́ ọkùnrin yìí, ojú ń tì wá!” Wọ́n da aṣọ bò mí láti ọrùn dé ìdí, wọ́n sì fà mí lọ sí ààfin.

Ọwọ́ mẹ́rìndínlógún ni ọba wọn, Aláfikún, ní. Ọ̀kan ń gba ìkíni, ọ̀kan ń fọwọ́ sí ìwé, ọ̀kan ń nàka sí ẹni tó jẹ̀bi, ọ̀kan ń lé àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ padà. Méjì ń gbé ara wọn. Iṣẹ́ tí àwọn tó kù ń ṣe ni kí wọ́n máa dán. Nígbà tí mo wọlé, ọba ń lọ́ ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí ìtẹ́, gbogbo ìjòyè ń pàtẹ́wọ́ fún un.

“Kábíyèsí ti ń jó láti àná,” ìjòyè kan sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́. “A kò tíì rí irú ijó yìí rí.”

Èmi rí ojú ọba náà. Mo ti wà nínú igbó pẹ́, mo mọ ojú ẹranko tí eégbọn bò lára. Kì í ṣe ijó. Ẹ̀yìn ló ń yún un, láàárín èjìká méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rìndínlógún kò sì sí èyí tó lè dé ibẹ̀. Mo ju aṣọ náà nù, mo fò tìrótìró lọ sẹ́yìn ìtẹ́, mo sì fi ìka mi họ ọ́.

Àwọn ìjòyè bo ojú. Ọba la ẹnu.

“Áà! Lókè díẹ̀. Rárá, sósì. Níbẹ̀! Níbẹ̀ gan-an! Ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló bí ọ?”

Ó ní òun yóò fi mí joyè lójú ẹsẹ̀, wọn yóò gé ọwọ́ mi méjèèjì, wọn yóò sì fi ọwọ́ wúrà mẹ́jọ rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

“Kábíyèsí,” mo wí, “bí ẹ bá gé e, ta ni yóò máa họ ẹ̀yìn yín?”

Ọba náà fẹ́ fọwọ́ lérán láti ronú. Ọwọ́ mẹ́rìndínlógún dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àgbọ̀n kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Àwọn ìjòyè là wọ́n kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní kí n họ ẹ̀yìn òun fún ọjọ́ méje, ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, kí n sì lọ gba ẹsẹ̀ mi. Ìgbà méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Wọ́n fi ọ̀kan kún un nítorí èékánná mi ya á lára lọ́jọ́ kẹrin. Mo ka mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pé.

Ẹ̀yìn ìlú ni gbẹ́nàgbẹ́nà wọn ń gbé. Ìyá Gbénró ni wọ́n ń pè é, arúgbó obìnrin tó ní ẹsẹ̀ kan, ó sì fi ọ̀pá lásán rọ́pò èkejì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ so rọ̀ sí àjà ilé rẹ̀ bí àgbàdo. Ó wo kùkùté ẹsẹ̀ mi, ó mú igi àyán, kò sì gbé ojú sókè mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó parí, ó gbé e lé mi lórí itan.

“Bàbá ọdẹ,” ó wí, “ẹsẹ̀ yìí kò ní ìrántí. Ẹ sọ fún un bí èyí àkọ́kọ́ ṣe lọ. Ohun tí ẹ bá sọ ló máa gbà gbọ́, ohun tó bá gbà gbọ́ ló sì máa tọ̀. Bí ẹ bá purọ́ fún un, yóò máa wá irọ́ náà títí yóò fi dé ibi tí ẹ ti bí i. Ọjọ́ tó bá sì mọ̀ pé irọ́ ni, kò ní gba irọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé.”

“Mo gbọ́, Ìyá.”

“Ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo ní mo gbọ́. Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí tó báyìí, kí ló dé tí ẹ kò gbẹ́ ọ̀kan fún ara yín?”

Ó ń gbá ẹ̀rún igi jọ. “Mo mọ ohun tí mo ní láti sọ fún un,” ó wí.

Ó yẹ kí n ronú sí ìdáhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ìrùkẹ̀rẹ̀ oyè mi ni mò ń rò, àti Ògúngbèmí tó ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ ti ń hù. Mo tẹ orí ba, mo sì sọ ọ́ sí àtàǹpàkò igi náà jẹ́ẹ́jẹ́.

“Ẹkùn ni. Méjì.”

Igi náà gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe so ó mọ́ mi lórúnkún ló ti ń lọ. Ìrìn tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rìn, ọjọ́ méjì ni mo fi padà, nítorí ẹsẹ̀ náà ń wá ẹkùn. Ó ń yọjú sínú gbogbo ihò. Nígbà tí a délé, ológbò Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ rí, ó sì gbá a kọjá ògiri. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó olùkọ́ kan wọ aṣọ tó ní àmì tótòtó bí awọ ẹkùn wá kí wa. Ẹsẹ̀ náà lé e yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta, tèmi ti tirẹ̀, mò ń tọrọ àforíjì bí mo ṣe ń sáré.

Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹ ní ẹsẹ̀ akin ni, ẹ ní ó ń gbẹ̀san. Iyì mi ń pọ̀ sí i.

“Ó gba ohun tí ẹ sọ gbọ́,” Àwẹ̀ró wí. Ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tuntun sí ọrùn ológbò rẹ̀ tó bẹ̀rù. “Òun àti gbogbo ìlú. Èmi nìkan ni mo kù.”

Ọjọ́ tí gbogbo wa jọ wọ igbó pé. Oòrùn ti yọ. Ọdẹ mẹ́tàlélógún tò sẹ́yìn mi, Ògúngbèmí ló tẹ̀ lé mi. N kò mú ọ̀pá lọ́wọ́. Inú mi dùn títí a fi dé kùkùté ìrókò tí ọ̀nà ti pín. Ọ̀tún ni à ń lọ. Ẹsẹ̀ igi náà yà sósì.

Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fà mí. Mo di ẹ̀ka igi mú, ẹ̀ka náà ṣẹ́. Ọ̀nà odò Ẹ̀rẹ̀ ló kọrí sí, ibi tí mo ti bí irọ́ náà, àwọn ọdẹ mẹ́tàlélógún sì ń tẹ ojú ẹsẹ̀ mi bọ̀ lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, nítorí Olúọ́dẹ kì í ṣi ọ̀nà.

Mo ka àwọn tàkúté náà lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́ wà lábẹ́ igi ahùn, a kọjá rẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì ló fi jìnnà sí wa. Ìkẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán. Níbẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ igi náà dúró sí, ó ń tẹ ilẹ̀, ó ń wá ẹkùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọdẹ mọ ohun tó kàn. Bí Olúọ́dẹ bá dúró lójijì, ó ti rí ẹran nìyẹn. Ẹni kejì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún kíákíá, kó na ìbọn. Ọ̀tún mi ni ewé gbígbẹ tí mo fi bo irin náà wà. Ògúngbèmí gbé ẹsẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo rò ó pé bí ó bá mú un, kò ní sí ẹni tí yóò bá mi du oyè mọ́.

Gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ igi náà. Kò kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo rántí ìgbà mọ́kàndínlógún tí mo dúró sinmi, àti ẹni tó gbé mi pọ̀n. Mo ké nínú igbó. Láti ìgbà tí mo ti di ọdẹ, n kò ṣe é rí.

“Dúró! Tàkúté!”

Ògúngbèmí dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí lékeléke.

“Tàkúté ta ni?”

“Tèmi.”

“Màrìwò rẹ̀ dà?”

“N kò so ó.”

Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ igi mi, ó sì tún wo ilẹ̀. Ó ṣì gbé ẹsẹ̀ sókè. “Ọdẹ́rìnlọ. Ẹkùn ńkọ́?”

“Kò sí ẹkùn.”

“Èyí kejì ńkọ́?” ẹnì kan bi mí láti ẹ̀yìn.

“Ẹ̀yin lẹ fi ìyẹn kún un.”

Lójú kan náà, ẹsẹ̀ igi náà rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó mọ́ mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wúwo bí ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi igi ta tàkúté náà, ó pa ẹnu dé, irin sì bu igi náà sí méjì. Mo ta àwọn méjì yòókù níṣojú wọn. Wọ́n gba ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi níbẹ̀, wọ́n fún Ògúngbèmí, wọ́n sì ní kí n bọ́ sẹ́yìn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ojú ẹsẹ̀ ọkùnrin mẹ́tàlélógún rìn délé. Àwẹ̀ró rí mi láti ọ̀nà jíjìn. Kò kí mi kú ewu ẹkùn onírin mọ́. Ó kàn ní, “Ẹ wọlé, omi yín ti gbóná.”

Ibi tí ìtàn náà parí sí nìyẹn. Òjò ṣì ń rọ̀. Ògúngbèmí ló dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó sì mi ìrùkẹ̀rẹ̀ sí wọn.

“Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀,” ó wí. “Olè tí kò sí ló ń bẹ̀rù, tó fi fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ló máa jí ẹran rẹ̀ ní Òkè-Ahún yìí? Èmi Ògúngbèmí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò yọ ẹran kúrò nínú tàkúté ẹnikẹ́ni rí.”

Kọ́.

Gbogbo wọn wò mí. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè kí wọ́n lè rí i pé n kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

“Àfi ẹ̀ẹ̀kan,” Ògúngbèmí wí. “Òkété ni.”

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Ó wo ìta. “Òjò ti dá,” ó wí.

Kọ́.

Òjò náà ń rọ̀ débi pé a kò rí ilé tó kọjú sí tèmi. Ògúngbèmí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo orí, ó sì jáde sínú rẹ̀. Àwọn tó kù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tó kí mi pé ó dàbọ̀. Kò sí èyí tó fẹ́ la ẹnu lọ́dọ̀ mi.